Ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀rọ Lathe Kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ Tí Ó Bá Wa Gé Egungun Sátẹ́láìtì

Oṣù mẹ́rin gbáko ni èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà fi ń lọ, tí a sì ń bọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ lathe (ẹ̀rọ tí ń yí irin kí wọ́n lè gé e) kan tí kò jìnnà sí Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí a gbé iṣẹ́ kan lọ bá ọ̀gá tí ẹnikẹ́ni kò gbé irú rẹ̀ wá bá wọn rí: egungun sátẹ́láìtì kékeré tí a fẹ́ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ìràwọ̀ láti òfuurufú. Iṣẹ́ náà ti parí báyìí. Ó wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi wọn gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ sọ ohun tó dára nínú iṣẹ́ wọn àti ohun tó kù díẹ̀ káàtó, kí ẹlòmíràn tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè mọ ibi tí yóò gbà. N kò ní kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà, nítorí pé ọ̀gá bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ti tó òun, òun kò sì fẹ́ di ẹni tó ń gba owó èèyàn tí kò ní lè dá ọjọ́ fún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe ní agbègbè náà kò ní ṣìnà.

Sátẹ́láìtì tí à ń wí yìí kò tóbi ju ohun tí èèyàn lè gbé sí àtẹ́lẹwọ́ lọ. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní CubeSat, ìlànà tí Jordi Puig-Suari ti yunifásítì Cal Poly àti Bob Twiggs ti Stanford gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1999, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sátẹ́láìtì kan kí ó sì parí rẹ̀ kí ó tó jáde ilé-ẹ̀kọ́. Tiwa kì í ṣe èyí tí yóò gòkè lọ. Àwòṣe ìdánwò ni, tí a óò máa mì, tí a óò máa fi sínú ooru àti òtútù, tí a óò sì fi wo ìràwọ̀ láti orí òrùlé ní alẹ́ ọyẹ́. Lẹ́ńsì tí a fẹ́ kí ó gbé kò fẹ̀ ju mìlímítà 30 lọ. Ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ lè dà bí ohun ìṣeré lójú ẹni tí kò mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn sátẹ́láìtì BRITE tí Ọ́stríà, Pólándì àti Kánádà jọ ṣe, èyí tí méjì àkọ́kọ́ nínú wọn gòkè ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2013, irú lẹ́ńsì kékeré bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n gbé, òun ni wọ́n sì fi ń ṣọ́ bí ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ tó tàn jù lójú ọ̀run ṣe ń pọ̀ tí ó sì ń dín. Lókè lọ́hùn-ún kò sí afẹ́fẹ́ tí ń mú kí ìràwọ̀ máa ṣẹ́jú, kò sì sí kùrukùru ọyẹ́ tí ń dí èèyàn lójú. Ìdí nìyẹn tí ohun kékeré fi lè ríran dé ibi tí ohun ńlá orí ilẹ̀ kò lè dé nínú irú iṣẹ́ yìí.

Àwa tí a wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ mọ ohun tí a fẹ́ rí. A mọ bí a ṣe ń ṣírò ìmọ́lẹ̀, a mọ bí a ṣe ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà yóò máa tẹ̀ lé. Ọwọ́ wa ni kò tó pẹpẹ nígbà tí ó di ọ̀rọ̀ irin gígé. Kì í sì í ṣe àwa nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Sátẹ́láìtì MOST ti Kánádà, awò-awọ̀nàjíjìn tí kò tóbi ju àpótí ìrìn-àjò lọ, tí ó gòkè ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2003 pẹ̀lú dígí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, yunifásítì méjì ló wà nídìí rẹ̀, ti British Columbia àti ti Toronto, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Dynacon wà pẹ̀lú wọn nínú kíkọ́ rẹ̀. Nígbà tí Yunifásítì Iowa fẹ́ wá afẹ́fẹ́ gbígbóná tó yí àkójọpọ̀ ìràwọ̀ tiwa ká, wọ́n fúnra wọn ṣe ohun èlò tí yóò máa ríran, wọ́n sì jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ Blue Canyon kọ́ ara sátẹ́láìtì náà. HaloSat ni wọ́n pè é, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2018. Ọ̀nà kan náà ni Yunifásítì Colorado tí ó wà ní Boulder gbà pẹ̀lú CUTE ní ọdún 2021, tí wọ́n fi ń wo bí ooru ìràwọ̀ ṣe ń gbọn afẹ́fẹ́ kúrò lára àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tó wà nítòsí rẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tí ó ń wá wá ẹni tó mọ irin lọ, wọ́n sì jọ jókòó.

Nàìjíríà náà ti tọ́ irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ wò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ayé ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn sátẹ́láìtì wa ń wò, kì í ṣe ìràwọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó kọ́ NigeriaSat-1, tó gòkè ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, inú Yunifásítì Surrey ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1985, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ẹnjiníà ọmọ Nàìjíríà ti kẹ́kọ̀ọ́ títí tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ NigeriaSat-X tó gòkè ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Nítòsí wa níbí, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Àkúrẹ́ kópa nínú ètò BIRDS-1 pẹ̀lú Kyushu Institute of Technology ní Jàpáànì, NigeriaEduSat-1 sì jáde láti inú ibùdó òfuurufú àgbáyé ní oṣù Keje ọdún 2017. Mo mẹ́nu ba gbogbo èyí nítorí pé ìbéèrè tí mo gbé dé ṣọ́ọ̀bù náà nìyí: ta ni Surrey tiwa, ta ni Blue Canyon tiwa, ní ìlú tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan?

Ọ̀pá ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin pákí àti ìdí táyà kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni ṣọ́ọ̀bù náà ń ṣe lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ lathe méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan gùn ju èkejì lọ, ẹ̀rọ milling (èyí tí ń fá ojú irin) àlòkù kan sì wà ní igun tí ọ̀gá máa ń fi aṣọ bò bí òjò bá ń rọ̀. Ilẹ̀ mọ́. Mo kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé òun ni ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣàkíyèsí: ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a gbá gbogbo eérú irin, ìyẹn ìṣẹ́kù irin tí ẹ̀rọ gé dànù, jọ, wọ́n a ṣa bàbà àti alumíníọ̀mù sọ́tọ̀, wọ́n a sì nu ojú irin tí ẹ̀rọ ń rìn lé. Mo ti dé ibi mẹ́ta mìíràn kí n tó dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ mi sì rì sínú eérú irin ní gbogbo wọn.

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé àwòrán iṣẹ́ wa fún ọ̀gá, wọ́n gbé awò ojú wọn bọ ojú, wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì yí bébà náà padà bí ẹni ń wá ohun tó sọnù lẹ́yìn rẹ̀.

“Tíṣà, ẹ kọ ìwọ̀n gbogbo ẹ̀gbẹ́ síbí, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kò kọ iye tí ó lè lé àti iye tí ó lè dín.”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣáà ṣe é bí a ti kọ ọ́. Ọgọ́rùn-ún mìlímítà ni.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. “Irin kì í jẹ́ ọgọ́rùn-ún géérégé. Ó lè lé bí irun orí, ó lè dín bí irun orí. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ irun mélòó tí ẹ lè fara mọ́, kí n lè mọ owó tí n ó gbà àti ọjọ́ tí n ó dá.”

Ojú tì mí. Ìwé ìlànà CubeSat tí mo ti kà tó ìgbà mẹ́wàá sọ ọ́ kedere pé ìbú gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 100, gíga sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 113.5, kí èyíkéyìí nínú wọn má lé, kí ó má sì dín, ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ, tí ó jẹ́ bí ìnípọn bébà ìwé kan. Ìdí rẹ̀ ni pé inú àpótí tóóró ni wọ́n máa ń kó irú sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ sí, tí sípíríǹgì yóò sì tì í jáde nígbà tí ọkọ̀ bá dé òkè. Èyí tó bá há yóò há mọ́ gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi tí mo mọ ìdí náà ni n kò kọ ọ́ sí àwòrán. Ẹni tí kò rí CubeSat rí ló béèrè fún un. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ibi tí mo dé yìí yóò dára, mo sì lọ tún àwòrán náà yà.

Ọ̀rọ̀ irin fúnra rẹ̀ ni àríyànjiyàn kejì. Ọ̀gá fẹ́ bá wa yọ́ búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì àlòkù, nítorí pé owó rẹ̀ kéré, ọwọ́ wọn sì mọ́ ọn lára. Mo kọ̀. Lára alumíníọ̀mù tí ìlànà náà dárúkọ ni 6061 àti 7075, irin tí a ti mọ ohun tí wọ́n pò pọ̀ nínú rẹ̀, tí a sì mọ bí yóò ṣe hùwà nínú ooru. Ohun tí ó jáde láti inú búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì, kò sí ẹni tó lè búra nípa rẹ̀. Wọ́n gbọ́, wọ́n sì ní kí a lọ ra tiwa wá, ṣùgbọ́n wọ́n fi irin yíyọ́ náà gé gbogbo ẹ̀yà lẹ́ẹ̀kan fún ìdánrawò láìgba kọ́bọ̀, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ má baà ba irin olówó iyebíye jẹ́. Irin tí a rà láti Èkó dé ní ọ̀sẹ̀ kejì. Bí wọ́n ṣe rí i, wọ́n fi èékánná họ ọ́, wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀, wọ́n sì gbé e sí orí pẹpẹ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn láìgbàṣẹ.

Nígbà tí wọ́n gé òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní igun egungun náà tán, mo wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló pé. A fi síkúrúù dè wọ́n mọ́ àwọn irin agbède, mo tún wọ̀n ọ́n: 100.3. Ẹ̀rù bà mí, nítorí mo rò pé a ti fi irin wa ṣòfò. Ọ̀gá kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n gbé irin títẹ́jú kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́ gan-an, wọ́n fi lé ojú egungun náà, wọ́n sì gbé méjèèjì sókè sí ojú fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá wò ó níkọ̀ọ̀kan. Láàárín irin méjèèjì, ìlà ìmọ́lẹ̀ tín-ínrín kan yọ ní apá òsì, ó tín-ín-rín ju òwú ìránṣọ lọ, ó sì ń parẹ́ bí ó ti ń lọ sí apá ọ̀tún. “Ẹ ò rí i? Àṣìṣe kéékèèké mẹ́ta ló ṣù jọ síbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò jẹ̀bi.” Wọ́n wá sọ pé kí a má tú u mọ́; kí a fún gbogbo síkúrúù le, kí àwọn sì gbé odindi egungun náà sí orí ẹ̀rọ milling, kí wọ́n fá ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan náà. Wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí wọ́n gé àwọn òpó náà nípọn ju mìlímítà 8.5 tí ìlànà ní kí wọ́n má dín sí lọ. Nígbà tí wọ́n fá a tán, ìbú kan jẹ́ 100.04, èkejì 99.97, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 113.5. Ìwọ̀n wọ̀nyí ni mo tún bá nígbà tí mo fi vernier (ohun èlò tí a fi ń wọn ohun kéékèèké) ilé-ẹ̀kọ́ wa wọ̀n ọ́n nílé.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń ka èyí dúró lé lórí díẹ̀ ni agolo lẹ́ńsì, ìyẹn agolo tó di lẹ́ńsì mú, nítorí pé ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù náà ti fún wa ní ohun tí a kò béèrè. Lẹ́ńsì gbọ́dọ̀ jìnnà sí ojú kámẹ́rà ní ìwọ̀n kan pàtó. Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì tó ń yí ayé ká ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 a máa ti inú oòrùn bọ́ sínú òjìji, a sì tún máa padà, bẹ́ẹ̀ sì ni alumíníọ̀mù tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 100 a máa gùn sí i ní nǹkan bí 0.024 mìlímítà bí ooru rẹ̀ bá fi ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì 10 lé sí i. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí àwòrán ìràwọ̀ yí padà. Ní ti ìyẹn, àwọn BRITE kì í tilẹ̀ jẹ́ kí ìràwọ̀ mú gérégé; wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fọ́n ká sójú kámẹ́rà kí wíwọ̀n rẹ̀ lè dúró ṣinṣin. Àwa fẹ́ ohun tí a lè fi ọwọ́ yí síwá sẹ́yìn títí a ó fi rí ibi tó dára jù, kí a sì tì í pa síbẹ̀ kí mímì má baà yí i kúrò. Àwòrán tí a yà fún èyí ní ẹ̀yà méje.

Ọ̀gá wò ó, wọ́n sì pe ọmọ iṣẹ́ kan pé kí ó gbé orí ẹ̀rọ ìlọta kan wá láti ìta. Wọ́n fi síkúrúù ńlá tí ó wà ní iwájú rẹ̀ hàn wá, èyí tí ìyá ọlọ́ta máa ń yí bí ata kò bá kúnná, tí ó ń sún àwo ìlọta méjèèjì mọ́ra wọn, àti nọ́ọ̀tì tí wọ́n máa ń fún mọ́ ọn lẹ́yìn kí ó má baà tú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n. Wọ́n ní, “Ṣé kì í ṣe ohun tí ẹ ń wá nìyí? Ẹ̀rọ yìí a máa gbọ̀n láti òwúrọ̀ di alẹ́, nọ́ọ̀tì yẹn kì í sì í tú.” Ẹ̀yà méje wa di mẹ́ta. Ojú síkúrúù tó rẹlẹ̀ gan-an ni wọ́n gé sí ara agolo náà, tí ó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá yí i lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ńsì kò ní sún ju ìdajì mìlímítà lọ, nọ́ọ̀tì pẹlẹbẹ kan ló sì ń tì í pa. A ti gbé e sórí ohun tó ń mì fún wákàtí méjì, a sì ti fi ẹfun sàmì sí i kí a tó bẹ̀rẹ̀. Àmì náà kò yẹ̀. Mo ti kọ́ àwọn èèyàn nípa ìmọ́lẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń lọ ata fún mi lọ́jà, síbẹ̀ n kò wo síkúrúù náà rí.

Àwa náà ní ohun tí a fi kọ́ wọn, inú mi sì dùn sí bí wọ́n ṣe gbà á. Epo ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa ń dà sórí irin bí wọ́n bá ń gé e. Ní ibi tí kò sí afẹ́fẹ́, epo tó bá ṣẹ́ kù sínú ojú síkúrúù yóò máa gbẹ díẹ̀díẹ̀, ohun tó bá sì jáde lára rẹ̀ yóò lọ lẹ̀ mọ́ lẹ́ńsì tútù, yóò sì di ìdọ̀tí tí ẹnikẹ́ni kò ní lè nù mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó láti ṣàlàyé rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa fi eérú irin tó ní epo lára sínú ìgò kékeré, ó fi dígí tó mọ́ bò ó lẹ́nu, ó sì bẹ ìyá tó ń ta ọkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé e sínú omi tó ń hó. Nígbà tí a gbé dígí náà wò lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ìkúùkù fẹ́lẹ́ kan ti bò ó, ọ̀gá sì fi ìka fà á, ipa ìka náà hàn kedere. Wọn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti ọjọ́ kejì, kẹrosíìnì mímọ́ ni wọ́n fi ń gé tiwa, nítorí pé ó rọrùn láti fọ̀ kúrò, wọ́n sì ní kí ọmọ iṣẹ́ kan máa fi sípírítì fọ gbogbo ẹ̀yà kí wọ́n tó dì í fún wa.

Ohun mìíràn tí mo gbé oríyìn fún wọn lé lórí ni òtítọ́. Nígbà tí ó ku ihò síkúrúù mẹ́rin péré, irin tí wọ́n fi ń gé ojú síkúrúù mìlímítà 3 kán sínú òpó kan, ó sì há síbẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá dí i, kí ó fá ojú rẹ̀, kí ó sì gbé e fún wa; a kò ní mọ̀ títí di ìgbà tí a bá ń mì í. Ọ̀gá pè mí lórí fóònù ní aago mẹ́jọ alẹ́, wọ́n sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìfi igbá kan bo ọ̀kan nínú. Wọ́n fi ọjọ́ méjì yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n fi owó ara wọn ra òmíràn, wọ́n sì fi ẹfun yí ihò náà ká kí n lè mọ ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ihò náà fẹ̀ díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ títí di òní, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wa.

Ní ti owó, ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gọ́rùn-ún náírà ni wọ́n gbà fún iṣẹ́ ọwọ́, yàtọ̀ sí irin tí a rà fúnra wa. Wọn kò gba nǹkan kan fún fífá tí wọ́n tún un fá. Egungun irú rẹ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun ń tà a máa ju ẹgbẹ̀rún dọ́là kan lọ. Owó náà tọ́, mi ò sì ná an.

Ẹ̀dùn tí mo ní sí wọn kò kéré. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n dá, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe é. Mo mọ̀ pé iná mànàmáná kò dúró, mo sì mọ̀ pé epo tí wọ́n ń rà sínú ẹ̀rọ amúnáwá kì í ṣe ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n ìgbà méjì ni mo dé ibẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n fúnra wọn dá tí mo bá ìdí ẹ̀rọ ìrin-pákí lórí lathe, tí iṣẹ́ tiwa sì wà nínú àpò lábẹ́ tábìlì. Ìpè kan ṣoṣo ì bá ti gbà wá lọ́wọ́ ìrìn àjò náà. Vernier tí wọ́n ń lò ti jẹ ní ẹnu, ó sì ń ṣìnà pẹ̀lú nǹkan bí 0.05, èyí tí ó jẹ́ ìdajì àyè tí ìlànà fún wa láti fi lé tàbí láti fi dín; èmi ni mo ṣàwárí rẹ̀, kò sì yẹ kí ó jẹ́ èmi. Méjì nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ kì í fi nǹkan bo ojú wọn nígbà tí eérú irin bá ń ta. Mo sọ fún ọ̀gá, wọ́n sì bá wọn wí, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ojú wọn tún wà ní ìhòòhò. Èyí ni ó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ojú ọmọ ẹni kì í ṣe ohun tí a ń fi tọrọ iṣẹ́.

Wọn kì í kọ rìsíìtì tó ní ònkà. Bébà kékeré tí wọ́n fi gègé kọ nǹkan sí ni wọ́n fún mi, ọ́fíìsì ìṣúná ilé-ẹ̀kọ́ wa kò sì gbà á wọlé, tí ó fi jẹ́ pé owó oṣù mi ni mo fi san apá tó pọ̀ jù. Ẹ̀bi èyí pín sí méjì. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe àjọṣe gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí yóò fi sanwó fún ẹni tí kò ní lẹ́tà tí wọ́n tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ sí lórí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn tó mọ iṣẹ́ yóò máa wà ní Tákíè, àwa yóò sì máa kọ lẹ́tà sí òkè òkun.

Ibi tí agbára wọn mọ tún wà, mo sì fẹ́ kí ó yé èèyàn dáadáa. Egungun tó máa lọ sí òfuurufú ní tòótọ́ gbọ́dọ̀ gba ìwẹ̀ kẹ́míkà tí ń mú ojú alumíníọ̀mù le, kí àwọn òpó rẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ irin àpótí tó gbé e. Ṣọ́ọ̀bù yìí kò lè ṣe é. Irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí láti ọwọ́ ẹni tó pò ó, gbogbo ìwọ̀n sì gbọ́dọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ tí ẹlòmíràn lè yẹ̀ wò. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ohun tí yóò gòkè lọ́wọ́, kí ó má gbé e lọ síbẹ̀ ní báyìí. Ẹni tó bá ń ṣe àwòṣe ìdánwò, ẹni tó fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fojú rí ohun tí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà jẹ́, ẹni tó fẹ́ kọ́ awò-awọ̀nàjíjìn kékeré fún ilé-ẹ̀kọ́ girama, kí ó lọ, kí ó mú àwòrán tó pé dání, kí ó sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lé iye ọjọ́ tí wọ́n bá dá. Òwúrọ̀ ni kí ó dé ibẹ̀, kí ìdí ẹ̀rọ ìlọta tó gba orí lathe.

Iṣẹ́ kejì ti wà lọ́wọ́ wọn báyìí: àpótí onísípíríǹgì tí a ó máa fi dán an wò bóyá egungun náà yóò yọ jáde láìhá. Wọ́n ti ra vernier tuntun, wọ́n fi hàn mí nínú páálí rẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní tèmi, mo kọ iye tí ó lè lé àti iye tí ó lè dín sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo ìwọ̀n tó wà nínú àwòrán náà kí n tó gbé e fún wọn, ọ̀gá sì fi ìka tọ wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè fún àwọn ọmọ iṣẹ́.